Ohùn Màmá Tú Mi Fó

Nínú ẹbí wa, èmi ni ọ̀gá fóònù. Bí fóònù àǹtí bá há, èmi ni wọ́n ń pè. Bí WhatsApp Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n Màmá, bá kọ̀ tí kò ṣí, èmi náà ni. Ta ló wá fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo ohùn ìyá mi?

Màmá kì í tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ọdún 2013 ni WhatsApp gbé voice note dé. Nígbà tí Màmá mọ̀ ọ́n lò tán, ó parí. Ohùn lé ohùn ni. Wọ́n á kì mí, wọ́n á wúre, wọ́n á wá fi ìbáwí kádìí ẹ̀. Nígbà tí wọ́n papòdà, àwọn ohùn yẹn di wúrà.

Níbi ìrántí wọn ní Ìkirè, mo ní ká gbọ́ oríkì ilé wa lẹ́nu Màmá fúnra wọn. Mo gba máíkì. Mo kọ́kọ́ ṣe wáàsí. Mo ní fáìlì .opus ni voice note, inú fóònù ló sì ń gbé. Ẹni tí kò bá dà á síbòmíràn, ọjọ́ tí fóònù bá bọ́ sómi, ohùn bá a lọ nìyẹn. Gbogbo èèyàn ń mi orí. Orí mi wú.

DJ rọra yọ́ sún mọ́ mi. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká yọ oríkì nìkan sọ́tọ̀. Voice note máa ń tẹ̀ lé ara wọn o."

Mo wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Ṣé ìwọ ni wàá kọ́ mi ní fóònù?"

Mo fi Bluetooth so fóònù mọ́ sípíkà. Mo tẹ oríkì. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo kọjú sí iyán.

Oríkì ń dà. Àwọn àǹtí ń nu ojú. Oríkì parí. Mo ń retí àtẹ́wọ́.

"Tín!" Ohùn kejì bẹ̀rẹ̀.

"Àjàní, mo ti bá ẹ sọ fún ẹbí pé ara rẹ ò yá, o ò lè wá sípàdé. Owó àtúnṣe ilé ẹbí náà, mo ti bá ẹ bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n fọ́tò tí o gbé sórí status, tí o ti ń jayé létí òkun, yáa yọ ọ́ kíá. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń lo WhatsApp báyìí."

Ọ̀rẹ́ mi, mo fò! Àtàǹpàkò mi kún fún ẹ̀fọ́. Fóònù ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Mo nù ún mọ́ agbádá. Kò mọ̀ ọ́n. Mo tẹ PIN. Mo ṣì í. Mo tún un tẹ̀. Mo tún ṣì í. Ìran kásẹ́ẹ̀tì mà gbádùn o! Nígbà yẹn, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù máa ń gba ohùn sínú téèpù ránṣẹ́ sílé, bọ́tìnì gàgàrà kan ló sì ń pa á. Mo kígbe: "DJ, pa á!"

Bàbá Àgbà dìde. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á! Ohùn àbúrò mi ni!"

"Tín!"

"Àjàní, ẹ̀gbọ́n mi tún ń wá fìlà etù wọn. Èyí tí mo rí lórí rẹ nínú fọ́tò yẹn, ṣé kì í ṣe òun?"

Gbogbo ojú gbéra, ó di orí mi. Fìlà náà gan-an ló wà níbẹ̀.

Bàbá Àgbà ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn nawọ́. Mo ṣí fìlà. Akápò ẹbí ti ń wá bírò.

Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Èmi kọ ọgbọ́n DJ. Ẹ ti mọ ohun tí wọ́n pè mí. Nítorí náà, ẹ tọ́jú ohùn àwọn èèyàn yín. Ẹ dà á síbi méjì, mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ létí ẹbí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e.