Ìrẹsì Ló Gbélé Jù

Nínú gbogbo olùgbé Èkó lọ́dún 2020, ìrẹsì ìrànwọ́ nìkan ló pa òfin kónílé-ó-gbélé mọ́ délẹ̀délẹ̀. Kò jáde, kò bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kò sì yọjú sí òde ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni.

Èèyàn ẹlẹ́ran ara ni kò rí i ṣe. Alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ti Èkó àti Àbújá pa fún ọjọ́ 14 nítorí àrùn Kòrónà. Ìpínlẹ̀ Ògùn náà dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó tún fi 14 mìíràn lé e. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń wọlé, tí oúnjẹ sì kún fìríjì rẹ̀, fi àkókò náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan búrẹ́dì. Alákàrà ńkọ́, tó jẹ́ pé inú àkàrà òní ni owó ẹ̀wà ọ̀la wà? Ìjọba Èkó ní kí àwọn ọlọ́jà oúnjẹ máa tajà láago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, ní fífo ọjọ́ kan láàárín, àfi bí ẹni pé wọ́n ti bá ebi ṣàdéhùn pé kó máa sinmi lọ́jọ́ kejì.

Kò sẹ́ni tó ní irọ́ ni àìsàn náà. Gbogbo ayé rí ohun tójú Ítálì rí, ilé ìwòsàn tiwa sì nílò àyè láti múra. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, títí kan ọ̀rọ̀ Kòrónà.

Nígbà tó fi di àárín oṣù Kẹrin, àjọ NHRC tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kéde pé àwọn agbófinró ti pa èèyàn 18 níbi tí wọ́n ti ń fipá mú aráàlú gbélé. Èèyàn 12 ni Kòrónà fúnra rẹ̀ tíì pa nígbà náà.

Lóṣù Kẹwàá, tí wàhálà EndSARS, ìwọ́de tako ìwà ipá ọlọ́pàá, gbòde, àwọn èèyàn já ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mazamaza l'Ékòó. Ìrẹsì àti Índómì ni wọ́n bá níbẹ̀, tí orúkọ CACOVID, ẹgbẹ́ àwọn olówó tó dáwó oúnjẹ náà, wà lára wọn gàdàgbà. Láti oṣù Karùn-ún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìlú sílẹ̀; kò sẹ́ni tó sọ fún ìrẹsì. Wọ́n bá irú rẹ̀ ní Ẹdẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà. Ẹgbẹ́ àwọn gómìnà ṣàlàyé pé ìgbì kejì àrùn náà ni àwọn ìpínlẹ̀ kan ń tọ́jú tiwọn dè. Kí ebi ìgbì kìíní lọ ní sùúrù.

Bí àrùn mìíràn bá dé, kí Àbújá fi ẹyọ òfin kan kún tàtijọ́: iye ọjọ́ tí wọn yóò ti ìlú pa kò gbọdọ̀ ju iye ọjọ́ tí oúnjẹ tó ti dọ́wọ́ aráàlú yóò tó jẹ. Lórí ìṣirò yìí, ọ̀pọ̀ ilé l'Ékòó ni kì bá tí ti ilẹ̀kùn rárá.