Àkísà Tí A Rà Lọ́jà

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn tó pa òwe yẹn kò tíì rí sòkòtò jíìnsì tó ti ya lórúnkún kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó rán an, tí owó rẹ̀ tún ju ti èyí tí kò ya lọ. Ọmọdé òde òní ti láṣọ, ó sì ti ra àkísà mọ́ ọn. Bí ẹ bá rò pé àsọdùn ni, ẹ yà síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní fọ́tò yíyà.

Ọmọ tó ra kámẹ́rà lánàá, tí kò tíì ya ju ológbò ilé wọn lọ, òfin ti kún ẹnu rẹ̀. Má fi ẹni tí ò ń yà sí àárín. Ẹ̀yìn rẹ ni kí oòrùn wà. Má jẹ́ kí ISO kọjá 100. Má ya ìpàkó ènìyàn. Ọ̀gá kì í lo auto. Òun náà ò sì lo auto lóòótọ́: ibi tó ti ń yí kọ́kọ́rọ́ kámẹ́rà sọ́tùn-ún sósì ni wọ́n ti gé kéèkì tán.

Kí òfin tó di òfin, ìṣòro ẹnì kan ni. Ẹni náà wọ aṣọ rẹ̀ títí ó fi gbó, ohun tó ṣẹ́ kù ni àkísà tí a jogún. Àwa tí a kò wọ aṣọ ńkọ́? À ń so àkísà mọ́rùn, a ní oge là ń ṣe.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ oòrùn. Ní 1900, Kodak gbé kámẹ́rà Brownie jáde ní dọ́là kan. Àpótí páálí ni, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí èèyàn lè yí lára rẹ̀, fíìmù ayé ìgbà náà kò sì yára mú ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó ní irú rẹ̀ kò ní ọgbọ́n méjì ju pé kó kẹ̀yìn sí oòrùn, kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sára ẹni tó ń yà. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé kámẹ́rà tí owó rẹ̀ tó ra ọkọ̀ dání lónìí, kí ló dé tó to ẹbí ìyàwó síwájú oòrùn ọ̀sán gangan, tí ojú wọn ń ṣẹ́, tí ìyá àgbà ń nu omi ojú, tí ibòji igi máńgòrò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀?

Òfin ìdá mẹ́ta tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọ pé kò gbọdọ̀ fi ènìyàn sáàárín, ó dàgbà ju kámẹ́rà lọ. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan, John Thomas Smith, ló kọ ọ́ sínú ìwé ní 1797, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi ọ̀dà ya oko àti ojú ọ̀run ló sì ń bá bọ̀. 1839 ni Daguerre, ará Faransé, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀nà fọ́tò tirẹ̀ han aráyé. Kí ló kan oko Gẹ̀ẹ́sì kan baba tó gúnwà sórí àga ní Ìlá Ọ̀ràngún? Ìlú yẹn ni ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, ti wo iṣẹ́ àwọn ayafọ́tò Yorùbá, tó sì kọ̀wé lé e lórí ní 1978. Bí wọ́n ṣe ń ya àgbà nígbà náà, gbọnrangandan láàárín ni: ojú kọ kámẹ́rà, ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún, agbádá bo àga, ẹsẹ̀ méjèèjì hàn. Ẹni tí ẹ bá rí ní ẹ̀gbẹ́, ó bá baba wá ni.

Níbẹ̀ náà nígbà yẹn, bí Táíwò bá padà lọ, tí ó ku Kẹ́hìndé, ayafọ́tò á tẹ àwòrán Kẹ́hìndé lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí ìbejì lè pé. Fọ́tò náà sì lè dúró nípò ère ìbejì. Olófin òde òní á ní irọ́ ni, wọn kì í ṣe àfikún sí fọ́tò. Ìyá wọn mọ iye ọmọ tí òun bí.

Ti ìpàkó ńkọ́? J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ ilẹ̀ Ẹdó tó ti ṣiṣẹ́ fọ́tò n'Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ojú rárá. Ìpàkó, ọrùn àti irun tó ga gogoro ni. Ní 2013, ìpàkó wọ̀nyẹn wà níbi àfihàn ńlá Venice Biennale ní Ítálì.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ gbọ̀ngàn òde. Iná ibẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó. Bí ọmọ wa bá gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára mú ìmọ́lẹ̀ tó, dé 3200, kí kámẹ́rà lajú fún ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú-àáyá ti tó láti mú ijó wọlé. Ó kọ̀, ó ní 100 lòun máa lò. Iná kan náà wá di ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá, ìyá ìyàwó sì ti jó kúrò lójú kan kí kámẹ́rà tó pa ojú dé. Fọ́tò náà mọ́ tónítóní, kò sí èérí kankan nínú rẹ̀. Kò sí ènìyàn náà: òjìji aláṣọ ẹbí ló kún ibẹ̀.

Nígbà tó kan ọkọ àti ìyàwó, ó ṣí ojú lẹ́ńsì 85mm rẹ̀ gbayawu dé f/1.8, ó sì sún mọ́ wọn tó mítà kan àtààbọ̀. Ní ìwọ̀n yẹn, ohun tó máa mọ́ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ. Irun ìpéǹpéjú ìyàwó mọ́, a lè kà á ní ìkọ̀ọ̀kan. Gèlè di ìkùukùu. Ọkọ tó dúró lẹ́yìn èjìká rẹ̀ di bàìbàì. Ìyá ìyàwó wo ojú kámẹ́rà títí.

"Fọ́tò, ta nìyí?"

"Mọ́mì, ọkọ ìyàwó ni, mà. Bí wọ́n ṣe ń yà á nìyẹn."

"Àwọn ta? Ṣé àwọn náà ló máa sanwó ẹ?"

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́ òfin o. Kódà, ọ̀kan wà tí mo fara mọ́ tọkàntọkàn: gba iná sí bátìrì kó o tó jáde nílé. Àwọn yòókù, bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí wọ́n wá ṣe, àti ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Lẹ́yìn náà, ya ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kó o tẹ̀lé òfin lẹ́ẹ̀kan, kó o sì rú u lẹ́ẹ̀kan. Kó méjèèjì fún ẹni tó ni ojú, má sọ èyí tó bófin mu fún un. Èyí tó bá tìtorí ẹ̀ yọwó, òun ni òfin ọjọ́ yẹn.