Méjọ̀ Kì í Fẹ̀yìntì

Ní Ọ̀fà, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ Sátidé ti dé kò nílò aago. Kó ṣáà tẹ́tí sílẹ̀. Gbì! Gbì! Gbì-gbì-gbì! Ìlù ńlá ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ewúrẹ́ tó sùn sábẹ́ igi máńgòrò á dìde láìsí ẹni tó lé wọn, bóyá nítorí wọ́n dá ohùn ìbátan wọn mọ̀ lára awọ ìlù. Ọmọ ọwọ́ á ta gìrì. Ìyá alákàrà etí títì á yí àkàrà padà nínú epo, á ní, "Méjọ̀ ti dé."

Ta ni Méjọ̀? Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ ò bá mọ ti Ọ̀fà, ẹ mọ ti ìlú yín, nítorí kò sí ibi tí báǹdì Bọ́ìsì Brigédì wà tí kò ní tirẹ̀. Kì í ṣe méjọ̀ ológun o. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gba fọ́ọ̀mù ṣọ́jà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a padà sílé. Dúróòmù Méjọ̀ ni: ẹni tí í ṣíwájú báǹdì, tí í ju ọ̀pá sókè, tí í hán an, tí í fi ìka kan ṣoṣo dá ogójì èèyàn dúró. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó wọ ẹgbẹ́. Ó ti pé 47 báyìí. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin ni wọ́n pe ẹgbẹ́ náà. Orí Méjọ̀ ti pá dé àárín, ọmọkùnrin ni í ṣe síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó yàn án sípò lọ́dún yìí, kò sẹ́ni tó yàn án lọ́dún tó kọjá. Wọn ò yàn án. Òun ló ń yan.

Kí ẹ tó rí i lójú títì, ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe ń múra. Láti aago méje àárọ̀ ni Brasso ti wà nílẹ̀. Bẹ́líìtì ẹgbẹ́ ní àwòrán ìdákọ̀ró lójú, èyí tí wọ́n mú nínú Ìwé Hébérù, orí kẹfà, ẹsẹ 19. Méjọ̀ á fi àkísà ra ìdákọ̀ró náà títí yóò fi dà bíi pé wúrà ni wọ́n fi rọ ọ́. Á fọ ìbọ̀wọ́ funfun, á tẹ búlúù sí i, á sá a sórí okùn ní méjì-méjì, bíi pé ọwọ́ èèyàn ló ń bẹ̀bẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Á fi áyọ̀nù eléèédú lọ ṣòkòtò títí ìlà rẹ̀ yóò fi lè gé ọṣẹ. Ní ti wajawaja aláwọ̀ wúrà tó ń jò léjìká rẹ̀, ó ní Èkó lòun ti rà á. Ìyàwó rẹ̀ mọ ibi tó ti wá. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wá etí kọ́tìnnì pálọ̀ rẹ̀ kó tó rí i tó ń yan lọ lọ́nà ọjà Òwódé.

Bí ẹ bá bi í léèrè ìtàn, ẹ kọ́kọ́ wá àga jókòó. Yóò mú yín dé Glasgow, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 1883, nígbà tí William Alexander Smith, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, rí i pé àwọn ọmọ òun ò gbọ́ràn, tó sì ronú pé ìtò bíi ti ológun lè mú wọn balẹ̀. Yóò bá yín wọ ọkọ̀ ojú omi dé Èkó lọ́dún 1908, ọdún tí ẹgbẹ́ náà fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ohùn tó fi ń sọ ọ́, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé òun ló bá Smith di bẹ́líìtì. Ilé Àyàn ni Yorùbá ti ń bí onílù. Méjọ̀ ò bá Àyàn tan. Ànàmọ́ ni bàbá rẹ̀ gbìn títí ó fi kú, bí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Ọ̀fà. Ṣùgbọ́n bí Méjọ̀ bá ti gbé igi ìlù, àfi bíi pé Glasgow ni Àyàn ti wá, tó sì jẹ́ pé ilé tiwọn ló kọ́kọ́ wọ̀ sí.

Dùndún ní ọsán tí onílù ń fún mọ́ra, tó tún ń tú sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ a lọ sókè, a sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń sọ èdè wa. Sáìdì dúróòmù ò ní irú ẹ̀. Wáyà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kàn ń mú un dún ṣà-ṣà-ṣà ni. Méjọ̀ ò gbà.

"Ẹ ò gbọ́ ohun tó ń wí?" á ní, á na etí. "Ó ń bú báǹdì Ìlọrin. Ó ní ẹsẹ̀ wọn wọ́."

Gbogbo wa á na etí. Pátápàtàpátá la gbọ́.

"Ẹ ẹ̀ gbédè ìlù," á wí, á sì káàánú wa.

Ìlú ìjàkadì ni Ọ̀fà. Gbogbo Yorùbá ló mọ̀ pé ìjàkadì ni orò ọmọ Ọlọ́fà. Ìlú tó sọ gbígbé ẹnì kejì ṣánlẹ̀ di orò, ṣé báǹdì ibẹ̀ á wá kàn lù kó máa relé ni? Lójú Méjọ̀, kò sí òde tí kì í ṣe ìdíje. Ọjọ́ àwọn ọmọdé, 27 oṣù karùn-ún, ìdíje ni. Ọjọ́ òmìnira, 1 oṣù kẹwàá, ìdíje ni. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ìdíje. Lọ́dún kan, ọmọ olóògbé méjì tí kò gbọ́ ara wọn yé gba báǹdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìsìnkú ìyá wọn, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì gbà. Báǹdì kejì fi fèrè bo ti Méjọ̀ mọ́lẹ̀. Méjọ̀ ní kí wọ́n fi ìlù ńlá dá wọn lóhùn. Àwọn yẹn yára ẹsẹ̀, tiwa náà yára, títí yíyan fi di eré sísá. Nígbà tí báǹdì méjèèjì dé itẹ́, pósí ṣì wà lọ́hùn-ún lójú ọ̀nà, àwọn tó gbé e ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Mùsùlùmí ni àbúrò rẹ̀, bó ṣe máa ń rí nínú ọ̀pọ̀ agboolé wa. Nígbà wòlímọ̀ ọmọ àbúrò náà, báǹdì àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ló sin àwọn ọmọ yí àdúgbò ká. Gbogbo ẹbí ń náwó, wọ́n ń yọ̀. Méjọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ka àṣìṣe sẹ́nu: "Ẹni kẹta ní ìlà kejì ń fi ẹsẹ̀ òsì gba ti ọ̀tún."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é tán ná," àbúrò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Máàkì mẹ́fà péré ni mo fún wọn nínú mẹ́wàá," ó ní. "Wọ́n tilẹ̀ jẹ àǹfààní pé ẹbí ni wá."

Ẹ jẹ́ kó tún wá di ọjọ́ tí wọ́n ń kówó jọ fún irinṣẹ́ tuntun. Gbogbo olówó ìlú ti jókòó, àwọn ọmọ Ọ̀fà láti Èkó àti Àbújá ti wọ àǹkárá. Méjọ̀ á gbé ìlù kan tí awọ rẹ̀ ti ya jáde, á gbé e yípo bí ẹni gbé ọmọ aláìsàn. Ojú á ro àwọn èèyàn, wọ́n á tọwọ́ bàpò. Ọ̀dọ̀ aláwọ tó máa ń bá wọn tún ìlù ṣe la ti gbọ́ pé awọ náà ò ya fúnra rẹ̀. Ìṣó ni.

Àkókò ni Méjọ̀ fẹ́ràn jù láyé yìí. Bí sáìdì bá fi bíńtín pẹ́ kó tó wọlé, ojú rẹ̀ á pọ́n. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ káfíńtà ló fi ń jẹun, èmi sì lẹ́rìí. Ìlẹ̀kùn tó gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ mi lóṣù kẹta, oṣù kẹsàn-án ló gbé e wá. Ó ní kí n má bínú, àwọn ń múra ìdíje. Mo wo ìlẹ̀kùn náà, ó kúrú lókè. Mo wo àwọn ọmọ báǹdì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, igi ìlù tuntun ló wà lọ́wọ́ wọn, àwọ̀ igi náà ò sì ṣàjèjì sí mi.

Lóru, tí ìyàwó rẹ̀ bá rò pé ó ti sùn, ojú fóònù ló wà. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ló ń wò, àwọn tó ń díje lábẹ́ Drum Corps International: èèyàn tó ju 100 lọ nínú ẹgbẹ́ kan, fèrè idẹ àti ìlù, tí wọ́n ń yan síwá sẹ́yìn lórí pápá bọ́ọ̀lù, tí onírúurú àwòrán ń jáde nínú ìtò wọn. Ìgbà ooru ilẹ̀ wọn ni wọ́n fi ń gun bọ́ọ̀sì láti ìlú dé ìlú, orí ilẹ̀ gbọ̀ngàn ilé ìwé ni wọ́n sì ń sùn. Méjọ̀ mọ̀ pé lọ́dún 2014, Blue Devils ti California gba máàkì 99.65 nínú 100. Kò mọ ipò tí Ṣẹ́yẹ ọmọ rẹ̀ gbé ní táàmù tó kọjá.

"Bàbá Ṣẹ́yẹ," ìyàwó rẹ̀ á ní látinú òkùnkùn, "dátà tí ẹ fi ń wo àwọn ọmọ ọlọ́mọ yìí tó owó ìwé ọmọ yín."

Méjọ̀ á ní kó fara balẹ̀ ná, wọ́n ti fẹ́ dé ibi tó dùn.

Ohun kan wà nínú òfin àwọn ará Amẹ́ríkà yìí tí Méjọ̀ kì í sọ. Ọmọ ọdún 15 kan tó ń lu sáìdì ló rí i lórí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fi àìmọ̀kan béèrè níwájú gbogbo ẹgbẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹni tó bá ti pé 22 kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ò lè bá wọn yan mọ́. Ṣé òótọ́ ni, sà?"

Pápá dákẹ́ lọ gbári. Méjọ̀ wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọmọ náà.

"Òyìnbó nìyẹn," ó ní. "Wọn ò mọyì àgbà."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà ti kúrò nídìí sáìdì. Síḿbà ló ń gbá, lẹ́yìn pátápátá.

Ká má parọ́ mọ́ ọn ṣá. Kò sí ọmọ kan lábẹ́ rẹ̀ tí kò mọ ilé ìyá rẹ̀. Ó mọ ẹni tí kò jẹun wá. Á rán wọn ní búrẹ́dì àti ẹ̀wà, á ní ìjọ ló sanwó, ìjọ ò sì gbọ́ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ọmọ tó ti sú bàbá rẹ̀, tí olùkọ́ ti lé síta, Méjọ̀ á fi oṣù mẹ́ta sọ ọ́ di ẹni tó ń dúró ṣánṣán, tó ń wẹ̀, tó ń kí àgbà. Ẹ̀kọ́ kan ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Sátidé: "Ẹ má wò mí! Ìlù ni kẹ́ ẹ máa gbọ́. Bí mo bá ṣubú, ẹ yà fún mi, kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹni tó bá dúró ti pa báǹdì." Ó ti sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ò gbọ́ ọ mọ́.

Ọjọ́ ìdíje pé. Báǹdì mẹ́fà ló wá. Àwọn adájọ́ jókòó sábẹ́ kánópì pẹ̀lú bébà lọ́wọ́: ìmúra, ẹsẹ̀, ìlù, fèrè, ìkóra-ẹni-níjàánu. "Kúìkì máàṣì!" Ogójì ẹsẹ̀ òsì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, eruku sọ. Ìyàwó Méjọ̀, tó ti búra pé òun ò ní yọjú, wà láàárín èrò, ó ń ju ìborùn. Nígbà tí wọ́n kàn dé iwájú àwọn àlejò pàtàkì, Méjọ̀ ju ọ̀pá sókè. Ó ga ju ti ìgbàkígbà rí. Oòrùn wà lókè. Okùn tí wọ́n so àsíá pélébé-pélébé mọ́ náà wà lókè. Ọ̀pá forí gbá okùn, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìbọ̀wọ́ funfun hán afẹ́fẹ́. Méjọ̀ sáré tọ ọ̀pá lọ, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó sì nà gbalaja sílẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Èrò ké yéè! Ìlù ò dákẹ́. Kò sí ọmọ kan tó wò ó. Ìlà pín sí méjì nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí omi ti í pín yí òkúta ká. Bàtà rọ́ kọjá létí ọ̀tún, bàtà rọ́ kọjá létí òsì, ìlà tún pa dé níwájú. "Áìsì ráìtì!" dún látẹ̀yìn, láti ẹnu ọmọ onísíḿbà, gbogbo orí sì yí sọ́tùn-ún wẹ́kú. Lábẹ́ ìkóra-ẹni-níjàánu, 20 nínú 20 làwọn adájọ́ kọ. Wọ́n gba ife.

"Stáìlì ni," Méjọ̀ wí nínú kẹ̀kẹ́ márúwá bí wọ́n ti ń darí sílé. Ó ti fi ìbọ̀wọ́ kan di ọrùn ẹsẹ̀ tó wú bí ànàmọ́. "Mo fi dán yín wò ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," àwọn ọmọ dáhùn. Ìyàwó rẹ̀ kọjú sí títì kó má baà rẹ́rìn-ín.

A ní ó kéré tán, á sinmi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Aago mẹ́rin Sátidé lù, gbì! Àwọn ewúrẹ́ dìde. Méjọ̀ ti dé. Ọ̀pá tó ń jù sókè ló wá fi ń tilẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n iwájú náà ló wà. Ọmọ ọdún 15 ọjọ́sí ló gbé ìlù ńlá kọ́rùn. Méjọ̀ ló fà á lé e lọ́wọ́, kò sì sọ ìdí. Ẹni tó bá létí á gbọ́ pé ìlù ti yàtọ̀. Gbì... gbì... gbì. Ọmọ náà ń wo ẹsẹ̀ tó ń tiro. Ìgbà tó bá balẹ̀ ló tó lù. Sáìdì dúró dè é, fèrè dúró dè é.

Méjọ̀ yíjú padà, inú ń bí i. "Ta ló ń fa ìlù yẹn sẹ́yìn? Ṣé mi ò ní kẹ́ ẹ má wò mí ni?"

"Ẹ má bínú, sà," ọmọ náà ní. Ó gbé igi ìlù sókè, ó dúró díẹ̀, ó sì lu òmíràn gẹ́lẹ́ bí ẹsẹ̀ Méjọ̀ ṣe kan ilẹ̀.