Táyà Tó Gba Òmìnira

Lójú táyà iwájú píkọ́ọ̀pù mi àtijọ́, ohun kan wà ribiti bí ìdérí ìgò, tí wọ́n kọ FREE àti LOCK sí. Bí ẹrẹ̀ bá mú ọkọ̀, awakọ̀ ni yóò sọ̀kalẹ̀ fọwọ́ yí tọ̀tún àti tòsì sí LOCK, kí táyà iwájú tó lè bá tẹ̀yìn ṣiṣẹ́. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ́nà oko kòkó, ẹrẹ̀ dé orúnkún. Tọ̀tún yí. Tòsì ní òun ti gba òmìnira, òun ò padà sóko ẹrú mọ́.

Mo fa pùláyà yọ. Mẹkáníìkì tó gun ọ̀kadà wá bá mi figbe ta: “Ọ̀gá, ẹ ó kán an o!” Ó ní kí n kọ́kọ́ sún ọkọ̀ síwá-sẹ́yìn díẹ̀, bóyá eyín inú rẹ̀ á bára mu. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, tòsì ò mà gbọ́. Mẹkáníìkì tú nọ́ọ̀tù mẹ́fà, ó ṣí i: gíríìsì inú rẹ̀ ti gan bí ẹ̀kọ àná. Ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó fi gíríìsì tuntun pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Mo ní kó bù ú kún dáadáa. Ó ní àbùkún yẹn gan-an ló sọ ọ́ di olórí kunkun.

Ní báyìí, ìka méjì ti tó láti yí i. Òjò ò rọ̀ mọ́, ọ̀nà ti gbẹ, mo ṣáà ń sọ̀kalẹ̀ yí i níwájú ilé, kí aládùúgbò lè rí mi.