Ẹ̀ṣọ́ Tí Iná Rẹ̀ Wà Lóde

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwà àti aṣọ ni àwọn tó pa òwe yìí ní lọ́kàn. Wọn ò mọ fóònù. Ẹ̀ṣọ́ tí ọmọ Ìlàjẹ tó ń lọ sí Kútọnú kì í gbàgbé lóde òní ni fóònù méjì, ọ̀kan lọ́wọ́, ọ̀kan lápò, tó fi ọ̀rá wé kí omi òkun má baà tà sí i. Ohun tó ń gbàgbé ni pé ẹ̀ṣọ́ yìí kì í dán láìsí iná, iná ọ̀hún kò sì sí nílé tí òwe ní ká ti kó o.

Ní ọ̀pọ̀ abúlé orí omi, ọ̀dọ̀ oníṣáájì ni fóònù ti ń gba iná. Pátákó kan ni, sọ́kẹ́ẹ̀tì kún orí rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ilé, fóònù tò lọ rẹrẹ, bébà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ méjì kì í wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta bọ̀rọ̀. Oníṣáájì á ki ìdérí bírò bọ ihò òkè, ohun tó dí ihò méjì ìsàlẹ̀ á ṣí, ṣájà á wọlé. Ewu ni, ṣùgbọ́n ta ni kì í ṣe é?

Iná kì í ṣe àjèjì sí etí òkun Ìlàjẹ. Ayétòrò, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ti ń tan iná tirẹ̀ ní 1953, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ṣì ń lo fìtílà. Ilé iṣẹ́ amúnáwá Ọmọtóṣọ̀ọ́ sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, tó múlé ti Ìlàjẹ. Láti 2007 ni wáyà ńlá ti ń gbé iná Nàìjíríà láti apá Ìkẹjà lọ sí Sákété ní Olómìnira Benin. Arìnrìn-àjò tó fi epo bẹntiróòlù gba ṣáájì nílé yóò dé Kútọnú, yóò bá iná ìlú rẹ̀ níbẹ̀, tí ó ń tàn gbòò. Ìjọba ló gba òwe gbọ́ ju aráàlú lọ: wọ́n kó ẹ̀ṣọ́ ròde, wọ́n gbàgbé ilé.

Iná wà, ihò ni kò bá ẹsẹ̀ mu. Sọ́kẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà jẹ́ irú ti Gẹ̀ẹ́sì, oníhò mẹ́ta onígun mẹ́rin. Ti Benin, Tógò àti Kamẹrúùnù jẹ́ irú ti Faransé, oníhò róbótó méjì. Ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n ń fi bírò tì nílé ì bá wọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá arìnrìn-àjò ti fi í sílẹ̀ nílé. Ó ra “ojúlówó” ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nítorí ìrìn àjò, ó wá ń yí i síwá sẹ́yìn lára ògiri bí ẹni tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ ṣí ilé onílé. Bírò ò lè gbà á; adaptor kékeré, tí owó rẹ̀ kò tó ti ìdérí fóònù, ló lè gbà á.

Agbára iná kì í ṣe ìṣòro. Lára ṣájà fóònù ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí: 100–240V, 50/60Hz. Ó gba iná Kútọnú, ó gba ti Amẹ́ríkà tó jẹ́ 120. Lẹ́tà rẹ̀ kéré ṣá. Ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ gbogbo ayé lórí fóònù kì í kà á.

Ọ̀tá gidi ni omi iyọ̀. Ó ń gbé iná ju omi odò lọ, ó sì ń jẹ irin ẹnu fóònù. Bó bá tà sí i nínú ọkọ̀, kó gbẹ pátápátá kí ṣájà tó wọ̀ ọ́. Ìrẹsì tí wọ́n ń rì í sí kò ṣe é lóore: Apple kìlọ̀ ní 2024 pé èérún rẹ̀ lè ba fóònù jẹ́.

Bí fóònù bá kún tán, ó ku ìpè. Láti 30 Oṣù Kọkànlá 2024, nọ́ńbà fóònù Benin ti kúrò ní ẹyọ 8, ó di ẹyọ 10, 01 ló sì ṣáájú lẹ́yìn +229. Ẹni tó fi nọ́ńbà àtijọ́ pamọ́ lè pè títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kí arìnrìn-àjò sì pa dátà síìmù Nàìjíríà kó tó kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, bí kò bá fẹ́ kí fídíò jẹ owó ẹja rẹ̀ tán.