Kábíyèsí Omi Sọ́kàwéè

Kábíyèsí, omi sọ́kàwéè Ailegun ní Èkó! A-wọlé-má-kágò, a-ti-kòtò-gorí-táìlì, àlejò tó ń gba ihò ilé ìwẹ̀ wọ yàrá. Ọmọ gọ́tà tó dí pa, ìbátan kànààlì Òkè-Afá. Onílé mọ odi sẹ́nu ọ̀nà dè ọ́, o ti jókòó sí pálọ̀ kó tó parí. Ẹ̀tọ́ rẹ ni. Bí páìpù bá ti so kòtò sọ́kàwéè pọ̀ mọ́ ilé, ibi tí omi bá ga dé nínú kòtò ni yóò fẹ́ ga dé nínú yàrá; odi ẹnu ọ̀nà kò lè bá páìpù abẹ́ ilẹ̀ wí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé táìlì tuntun tí wọ́n ń tẹ́ lẹ́yìn gbogbo òjò kì í ṣe àtúnṣe rárá, ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń san fún ọ.

A-gun-ògiri-láìlákàsọ̀! Búlọ́ọ̀kù ń fà ọ́ mu láti ìsàlẹ̀, ìwọ náà ń gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n kun ọ̀dà bò ọ́ kí ògiri tó gbẹ, o wú ọ̀dà náà bó. Ẹni tó bá fẹ́ bí ọ nínú ni yóò ha písítà tó ti rà, tí yóò da fóòmù tó ti mu ọ́ yó nù, tí yóò fi Hypo fọ ilẹ̀, tí yóò sì ní sùúrù kí ògiri gbẹ dénú.

Wọ́n ní ìjọba ló fi ọ́ jẹ ọba. Kò burú: kànààlì ju agbára onílé lọ, àti pé Oṣù Kọkànlá 2016 tí wọ́n fagi lé kónílé-ó-gbélé Sátidé ìmọ́tótó ni gọ́tà di ọmọ òrukàn. Lóòótọ́, wọ́n lé ìjòyè rẹ kan, abọ́ fóòmù ìjẹun, ní Oṣù Kìn-ín-ní 2024. Ọ̀tún rẹ, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ṣì wà lórí oyè. Ṣùgbọ́n inú ọgbà ta ni sọ́kàwéè wà? Lóṣù Keje tí ilẹ̀ ti mu omi yó, kò lè gba omi sọ́kàwéè mọ́. Ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ á fà ọ́ lọ láàárọ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ á tún kún ibẹ̀. Fáàfù tí kì í jẹ́ kómi padà ló yẹ kó ṣáájú táìlì. Wọ́n ní fáàfù náà ń dí. Ó ń dí: irun àti ọ̀rá a máa há a lẹ́nu, dandan sì ni kí wọ́n máa ṣí i fọ̀. Bó bá sì ti pa ẹnu dé nígbà òjò, omi ẹni tó ń wẹ̀ nínú ilé náà kò ní rọ́nà jáde. Kí wọ́n sọ ìyẹn fún ayálégbé kó tó san owó ilé.