Yẹ̀rì Yọ Lábẹ́ Káàdì

Ẹ má pè mí ní olófòófó o. Èlùbọ́ ni mò ń tà lẹ́nu géètì ilé wa ní Ṣómólú, ẹni tó bá sì jókòó ti èlùbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ojú rẹ̀ ò lè fọ́, etí rẹ̀ ò sì lè di. Ohun tó bá gba iwájú mi kọjá ni mo rí, ohun tí mo bá rí ni mò ń sọ. Bí mo bá fi díẹ̀ kún un, iyọ̀ nìyẹn, ta ló ń jẹ ọbẹ̀ tí ò níyọ̀?

Ọmọbìnrin kan ń gbé yàrá kẹta nílé wa. Àǹtí Káàdì ni gbogbo ilé ń pè é, torí iṣẹ́ káàdì àfọwọ́ṣe ló ń ṣe: ti ọjọ́ ìbí, ti ìkómọjáde, ti ìgbéyàwó. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń fọwọ́ ṣe é. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ìkúnlẹ̀ ló fi ń kí mi láràárọ̀. Ọkùnrin kan tó ní mọ́tò pupa máa ń wá kí i lọ́jọ́ Sátidé, àmọ́ ìyẹn ò kàn wá. (Ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì tí mi ò ti rí mọ́tò náà o.)

Nígbà tó gba iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ìwé ìpè ìgbéyàwó, èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀, torí ibi èlùbọ́ mi ni ìyá ìyàwó dúró sí tó ń fi fóònù béèrè ọ̀nà. Mo gbọ́ gbogbo ohun tó fẹ́. Káàdì aláwọ̀ ewé ni kó wà nísàlẹ̀, kí wọ́n ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Kí wúrà gorí ewé. Kí èyí tó funfun bí ẹyin gorí wúrà, kí wọ́n sì kọ orúkọ tọkọtaya sórí ìyẹn. Ipele mẹ́ta. Ẹ di ipele mẹ́ta yìí mú fún mi, ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ wà.

Bàbá Tísà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá lórí òun, ló bá Àǹtí Káàdì ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì mi. Ó ní ìwé A4 tí gbogbo wa ń rà yìí, mìlímítà 210 ní ìbú, 297 ní gígùn, àwọn ará Jámánì ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1922, wọ́n sì dá a lọ́gbọ́n tó fi jẹ́ pé bí o bá ṣẹ́ ẹ sí méjì, ojú ìyá rẹ̀ gan-an ni ọmọ náà máa ní, ó kàn kéré ni. Mo ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ò ní jẹ́ kí wọ́n máa bi èèyàn ní ìbéèrè ládùúgbò. Ó ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́. Ó ní bí a bá ṣẹ́ ti aláwọ̀ ewé po, á di 148 sí 210. Wúrà á wá jẹ́ 142 sí 204. Funfun á jẹ́ 136 sí 198. Èyí túmọ̀ sí pé mìlímítà mẹ́ta péré ni ipele kọ̀ọ̀kan máa fi yọ lábẹ́ èkejì, yí po.

Mìlímítà mẹ́ta! Kò tó ìbú ìrẹsì méjì tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ wo obìnrin tó ró ìró lọ sóde. Bí léèsì yẹ̀rì rẹ̀ bá yọ bákan náà yí po, oge ló ń ṣe, ẹ kan sáárá sí i. Àmọ́ bó bá yọ lápá òsì, tó wọlé lápá ọ̀tún, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí á máa fìgúnpá gún ara wọn. Bí káàdì onípele ṣe rí gan-an nìyẹn. Ìwé tó dá wà, bó wọ́ díẹ̀, ta ni yóò rí i? Ẹ gbé e lé wúrà, kí ẹ wá gbọ́ bí wúrà ṣe ń pariwo.

Àlùmọ́gàjí ni Àǹtí Káàdì kọ́kọ́ mú. Àlùmọ́gàjí tó ń gbọ́ràn sí télọ̀ lẹ́nu kò gbọ́ràn sí káàdì líle. Gbogbo ibi tó bá ti pa ẹnu dé tó tún là á, ó ń fi eyín sílẹ̀ níbẹ̀. Ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó mú abẹ tí wọ́n ń tì jáde nínú ike, èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ dànù bó bá ti kú. Bàbá Tísà rí i, ó ní, "Okada ló ṣe nǹkan yìí."

Mo ní, "Bàbá, ọlọ́kadà wo ló ráyè ṣe abẹ láàárín gosiló?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́. Ó ní ará Japan ni, Yoshio Okada, ní Osaka, lọ́dún 1956. Ó ní àwọn oníbàtà ló wò tí wọ́n ń fi àfọ́ dígí gé awọ, tí wọ́n tún ń fọ́ ọ sí i bó bá kú. Ó tún wo ṣokoléètì tí wọ́n ń ṣẹ́ jẹ ní oríkèé-oríkèé, ó wá pa ọgbọ́n méjèèjì pọ̀. Ti ọ̀kadà tiwa, ó ní ara Okada Air ni wọ́n ti yọ orúkọ yẹn, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ayé ìjọ́sí, Okada fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Bí orúkọ ọkọ̀ òfuurufú ṣe wá já bọ́ sórí alùpùpù, àwọn ọmọ Nàìjíríà nìkan ló lè ṣe irú àwàdà bẹ́ẹ̀.

Abẹ yẹn dáa o, bí rúlà irin bá wà lábẹ́ ọwọ́. Rúlà ike ni tiẹ̀; abẹ gun rúlà, ó gé e jẹ, ìlà wá dà bí ọ̀nà àdúgbò wa. Yàtọ̀ síyẹn, igba ẹyọ ni ti wúrà àti funfun tó fẹ́ gé. Nígbà tó fi gé ogún, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ké. Mo fún un ní àgbo. Kò mu ún. Ọmọ ayé òde òní.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò gbé e lọ fún àwọn atẹ̀wé, ṣebí Ṣómólú la wà, níbi tí kò sí òpópónà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò ti ń dún. Ó gbé e lọ. Ẹ̀rọ ìgéwé ńlá tí wọ́n ní lọ́hùn-ún, odidi rímù ló ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìwé, irin á kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí abẹ tó sọ̀. Ọkùnrin tó ń lò ó wo àádọ́ta ìwé wúrà àti àádọ́ta funfun tí ọmọ náà kó wá, ó wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó fi ọkọ̀ àjàgbé gbé kóńgò èlùbọ́ kan. Ó ní kó fi sílẹ̀, òun á ṣe é bí òun bá ráàyè. Ọjọ́ kẹta, ìwé ṣì wà níbi tó fi í sí, ẹnì kan ti gbé ife tíì lé e.

Ìgbà yẹn ló bínú lọ sọ́jà, ó lọ ra ẹ̀rọ tirẹ̀. Kò fi lọ̀ mí. Èmi tí mo wà lẹ́nu géètì! Mo kàn rí i tó ń gbé e bọ̀ nínú báàgì Gáná, ìkòkò ni mo pè é. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, abẹ gígùn bí àdá so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èèyàn á gbé e sókè, á tẹ̀ ẹ́ bọ̀ sísàlẹ̀. Bàbá Tísà ní gílótínì ni wọ́n ń pè é, orúkọ ẹ̀rọ tí àwọn ará Faransé fi bẹ́ orí ọba wọn, Louis kẹrìndínlógún, lọ́dún 1793. Ó ní ọmọ Faransé náà ni Guillaume Massiquot tó gbàwé àṣẹ ti onípépà lọ́dún 1844. Mo ní kí wọ́n gbé e jìnnà sí mi.

Ẹ̀rọ alápá yìí kì í ṣe nǹkan burúkú tó bá jẹ́ ojúlówó. Èyí tó wúwo, tí apá rẹ̀ ò mì, tó ní irin tó ń di ìwé mọ́lẹ̀ kí abẹ tó kàn án, ọ̀gá ni bí ìwé bá pọ̀. Ti Àǹtí Káàdì fúyẹ́ bí àkàrà aláfẹ́fẹ́. Apá rẹ̀ ń jó nídìí. Àlàfo wà láàárín abẹ àti etí pákó, n óò lè ki èékánná bọ̀ ọ́. Kò sì sí ohun tó di ìwé mú, bẹ́ẹ̀ abẹ tó ń bọ̀ láti ìdí wá sẹ́nu, ńṣe ló ń ti ìwé síwájú bó ṣe ń gé e. Ọmọ náà tún wá ń kánjú, ìwé mẹ́fà ló ń tò léra wọn lẹ́ẹ̀kan, kó lè tètè parí. Tòkè gún. Ìkejì yẹ̀ díẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ti dorí kọ Ìkòròdú.

Ìyá ìyàwó wá wò ó lọ́jọ́ Ẹtì. Ó mú káàdì kan, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ó yí i po. Wúrà yọ bí ìka ọwọ́ lókè, kò yọ rárá nísàlẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé inú dánfó lo ti gé e ni?"

Mo gbọ́ ọ láti ẹnu géètì. Kì í ṣe pé mo sún mọ́ fèrèsé o. Afẹ́fẹ́ ló gbé e wá.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Àǹtí Káàdì wá jókòó tì mí, ojú rẹ̀ ti wú. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, bí èèyàn bá fẹ́ ra èlùbọ́ lọ́wọ́ mi, kí ló máa ń kọ́kọ́ ṣe?"

Ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, wọ́n á bù ú sọ́wọ́, wọ́n á tọ́ ọ wò."

Mo ní, "Ṣé o gé ìwé tìrẹ lórí ẹ̀rọ yẹn kí o tó sanwó?"

Kò lè dáhùn. Lọ́jọ́ Ajé, a jọ lọ sọ́jà láti ra òmíràn. Mo ní kó mú ìwé wúrà lọ́wọ́, èyí tó le gan-an, kó sì kó ju ẹyọ kan.

Ọkùnrin tó ń tajà kọ́kọ́ gbé èyí tó kéré wá, ike lásán, abẹ kan bí èékánná ọmọdé wà nínú nǹkan tí wọ́n ń fà lọ fà bọ̀ nínú ihò tóóró. Fún ẹni tó ń gé káàdì márùn-ún lọ́sẹ̀, ìyẹn náà ò burú. Àmọ́ mo fìka tẹ ọ̀pá rẹ̀ láàárín, ó tẹ̀. Ọ̀pá tó bá ń tẹ̀ láàárín, ikùn ni ìwé tó bá gé máa yọ. Mo bi í pé ta ló ń ta abẹ rẹ̀ bí èyí bá kú. Ó ní kí n kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ ná. Mo ní hẹn-ẹn.

Ó gbé òmíràn wá, owó rẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ́nà mẹ́rin. Èyí wúwo. Abẹ rẹ̀ róbótó bí kọ́bọ̀ àtijọ́, inú agolo ike ló wà, ó ń yí gbirigbiri lórí ọ̀pá irin. Ike fẹ̀ẹ̀rẹ̀ kan á sì ti bọ́ sórí ìwé, á dì í mú kó tó bẹ̀rẹ̀. (Bàbá Tísà sọ fún mi nígbà tá a délé pé ilé iṣẹ́ Okada ọjọ́sí náà ló gbé abẹ róbótó jáde lọ́dún 1979, fún àwọn tó ń gé aṣọ. Okada yìí ò jẹ́ kí n gbádùn.) Ojú rẹ̀ gba A4 ní gígùn, ó sì kù díẹ̀, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìbú nìkan ni wọ́n lè gé, èèyàn á wá máa yí ìwé kiri bí ẹni ń wọ́nà sínú ẹ̀wù.

Ọlọ́jà fa pépà kan yọ, ó gé e, fíìn! Ó ní, "Ìyá, ẹ rí i?" Mo rí i. Pépà fọ́tókọ́pì ni, gírámù 80, eyín mi náà á gé e. Mo ní kí ọmọ mi mú tiwa jáde, gírámù 300. Ó gé e. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ká a, mo fi etí gígùn kan lé èkejì kí wọ́n bá ara wọn mu, mo wá wo ojú ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Igun kan yọ ju èkejì lọ, bí ahọ́n ajá. Irin ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń fi ìwé tì kò gún. Ọlọ́jà ní ojú mi ló ń ṣe mí. Mo ní kó gbé ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ wá nínú páálí. Ó kùn, ó gbé e. A gé e, a ká a, igun pàdé igun. A tún gé òmíràn kó má baà jẹ́ pé orí ló bá wa ṣe é. Ó tún pàdé. Ìgbà yẹn la tó bẹ̀rẹ̀ sí í náwó, ẹ sì mọ̀ mí nídìí ọjà.

Nísinsìnyí, ẹyọ kan tàbí méjì ló ń gé lẹ́ẹ̀kan. Kò tún gbára lé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sórí ẹ̀rọ mọ́. Ó wọn 142 fúnra rẹ̀, ó fi sẹlotépù lẹ káàdì líle kan mọ́ ojú ibẹ̀, gbogbo ìwé tó bá tì wọlé, ibẹ̀ ló ń fi orí sọ, ìwọ̀n kan náà sì ni wọ́n ń jáde. Káàdì onígílítà ló ń pa abẹ kíákíá, ó ti rí ìyẹn, ó wá fi abẹ tó ti gbó sílẹ̀ fún un. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ tí abẹ ń tẹ̀ lé, ìyẹn náà máa ń jẹ, ó ń yí i padà sí ojú kejì. Bó bá parí iṣẹ́, orí kọ́bọ́ọ̀dù ni ẹ̀rọ ń lọ, torí àwọn ọmọ yàrá kìíní kò mọ ohun tí ń jẹ́ má fọwọ́ kàn án.

Àwọn káàdì tí gílótínì bà jẹ́ kò sọ nù. Ó tún wọn gé kéékèèké lórí ẹ̀rọ tuntun, ewé, wúrà, funfun, ipele mẹ́ta, mìlímítà mẹ́ta yí po, ó kọ iye owó kóńgò sí i, ó gún un mọ́ òkìtì èlùbọ́ mi. Oníbàárà kan dúró lánàá, ó wò ó títí. Ó ní, "Ìyá, èlùbọ́ yìí, ọjọ́ wo ni ìgbéyàwó rẹ̀?"